Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì báyìí, ṣùgbọ́n ta ló lè pa á?

Ní alẹ́ ọjọ́ 20, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2020, inú òkùnkùn ni èmi àti àbúrò mi jókòó sí nílé wa n'Íbàdàn. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Fóònù kan ṣoṣo ló ṣì ní bátìrì nínú, a fi í ti igo omi lórí tábìlì, àwa méjèèjì sì tẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń yáná. Lórí Instagram, DJ Switch, obìnrin tó ń fi orin dá èèyàn lára yá, ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá ní Lẹ́kí, l'Ékòó, hàn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. À ń gbọ́ ìró ìbọn. À ń wo àwọn tó ń sáré tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́. Iye àwọn tó ń wò ó ń gòkè lójú wa títí ó fi kọjá 150,000. Nígbà tí iná dé, àbúrò mi sáré tan tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù àtijọ́ kan ni ìkànnì tí a máa ń wò ń ṣe lọ ní tirẹ̀, bí ẹni pé ìlú tòrò. Àbúrò mi wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo fóònù, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà lọ tí NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, fi bu owó ìtanràn lé Channels, AIT àti Arise, ₦3 mílíọ̀nù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọ́n ń lo fọ́nrán tí wọ́n rí lórí ìkànnì ayélujára láìwádìí rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gba ìròyìn lọ́wọ́ àwa tó yẹ kí wọ́n máa fún ní ìròyìn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé agbára ti bọ́ sọ́wọ́ òǹwòran. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ojú mi ló ṣe. Àmọ́ mo fẹ́ kí a fi ìbéèrè kan ṣoṣo wo gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: nígbà tí òǹwòran bá sọ̀rọ̀, ta ló lè pa ẹ̀rọ tó gbé ohùn rẹ̀ jáde?

Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè náà nínú orúkọ tí wọ́n sọ rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí kì í gba èsì. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gbé Rediffusion dé Èkó ní 1935, àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ibùdó wọn ni wàá gbọ́. O lè mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, o lè pa á, kò sí ohun mìíràn tí o lè ṣe sí i. Tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, 1959 náà ò yàtọ̀ ní ti èyí. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859 ti wà ṣáájú àwọn méjèèjì, ọwọ́ míṣọ́nnárì tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ohun tó máa jáde nínú rẹ̀ sì wà.

Ohun àjèjì ni àìgbèsì yìí jẹ́ fún wa. Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń sun ìjálá, bí ẹni tó ń sun ún bá ṣi oríkì ìdílé kan pè, ọdẹ mìíràn á dá a lẹ́nu lójú gbogbo èèyàn, á ní irọ́ ló ń pa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sun ìjálá á sì gbèjà ara rẹ̀ nínú ohùn ìjálá kan náà, á ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Lójú agbo alárìnjó, òǹwòran tí inú rẹ̀ dùn á fi owó lé òṣèré níwájú orí, èyí tí inú rẹ̀ ò dùn á gba ilé lọ, agbo á sì tú. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn náà, ẹni tó lè pa ohùn wà. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúńdé nítorí eré tó fi bá àwọn olóṣèlú wí. Ó di 1966 tí àwọn ológun gbàjọba kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn eré náà o. Ìfẹ́ wọn ò lè ṣí gbọ̀ngàn tí ìjọba ti.

Fóònù alágbèéká tó dé ní oṣù Ògún 2001 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí asọ̀rọ̀mágbèsì gbèsì díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í pe rédíò láti inú ọjà, láti inú dánfó, láti oko pàápàá. Inú ìyá mi máa ń dùn bí wọ́n bá gba ìpè rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Síbẹ̀, atọ́kùn ètò ló di ìlà mú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ máa gbóná sí gómìnà, wàá gbọ́ "ẹ ṣeun o, ẹni tó kàn," ìlà á sì já.

Ohun tí ìkànnì bíi Facebook, Twitter àti YouTube yí padà gan-an nìyí: wọ́n yọ atọ́kùn náà kúrò láàárín. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ kí o tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó sì gbọ́ ọ lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìyẹn náà á gbé e lé ẹlòmíràn. Àwọn aláṣẹ wa kò tètè mọ bí èyí ṣe lágbára tó. Àwòdì òkè ṣe bí ará ilẹ̀ ò rí òun.

Ọ̀rọ̀ SARS fi hàn. 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá náà sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ wọn: wọ́n á dá ọ dúró nítorí pé irun rẹ gùn, wọ́n á gba fóònù rẹ, wọ́n á mú ọ lọ sídìí ẹ̀rọ ATM. Ta ló ń gbọ́? Ní 2017, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìrírí wọn sí Twitter lábẹ́ àmì #EndSARS. Ìjọba kéde àtúntò, kò sí ohun tó yí padà. Ní oṣù Òkúdù 2020, Amnesty International gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017 sí oṣù Èbìbì 2020, ó kéré tán, ìṣẹ̀lẹ̀ 82 ni wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ nípa ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn láti ọwọ́ SARS. Nígbà tí fọ́nrán kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà 2020 pé wọ́n ti yìnbọn fún ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ughelli, ní ìpínlẹ̀ Delta, àwọn tó ti ń kọ ìrírí wọn láti ọdún mẹ́ta ti mọ ara wọn. Ọjọ́ 8 ni wọ́n bọ́ sí ìgboro. Ọjọ́ 11 ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká.

Ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ pé ariwo lásán ni ti orí ayélujára dúró lórí ọjọ́ mẹ́ta yẹn díẹ̀.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ti owó. Àwọn obìnrin ọ̀dọ́ tó kó ara wọn jọ lórúkọ Feminist Coalition gba owó tó ju ₦147 mílíọ̀nù lọ lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n fi ra oúnjẹ àti omi, wọ́n fi sanwó ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, wọ́n fi gba lọ́yà fún àwọn tí ọlọ́pàá mú, wọ́n sì ń kọ bí wọ́n ṣe ná an síta kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ wọn, wọ́n yí sí bitcoin, owó orí ayélujára. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀n dúró síwájú ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Twitter fúnra rẹ̀ ṣe àmì pàtàkì sí #EndSARS, Jack Dorsey tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà sì ń rọ àwọn èèyàn láti dáwó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fún báǹkì àgbà ìjọba láṣẹ ní oṣù Bélú láti ti àkáǹtì 20 tó jẹ mọ́ ìwọ́de náà pa. Wọ́n ti bu ìtanràn lé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àkáǹtì ti wà ní títì. Ó wá ku ìkànnì náà fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Òkúdù 2021, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò, èyí tó fi ogun abẹ́lé dẹ́rù ba àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ilé iṣẹ́ ìròyìn tí Lai Mohammed jẹ́ mínísítà rẹ̀ kéde pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé Twitter ní Nàìjíríà. Orí Twitter gan-an ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ti ọ̀nà pa. Títí di ọjọ́ 13, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2022 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 222. Ní oṣù Agẹmọ 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ 222 ti lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ. Wọ́n ní ìjọba lágbára jù. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọwọ́ méjì ló wà lórí bọ́tìnnì náà. Ilé iṣẹ́ kan ní San Francisco pa ẹnu ààrẹ orílẹ̀-èdè, ìjọba kan ní Àbújá sì pa ẹnu gbogbo wa láti fi gbẹ̀san. Nínú ìjà àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi òǹwòran léèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ àdìrẹ lórí Twitter nígbà náà kò mọ nǹkan kan nípa ogun abẹ́lé. VPN, ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń wọ ìkànnì tí wọ́n ti pa, ni ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò, àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ọ́n lò sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà pani lẹ́nu mọ́, èyí kì í sì í ní ariwo. Nígbà tí wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ọjọ́ 5, oṣù Òkúdù, 2022, tí wọ́n pa ó kéré tán 40 èèyàn, ọmọ Nàìjíríà kan gbé fọ́nrán ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí Instagram. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìbòjú ìkìlọ̀ bò ó, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Ó di oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà kí ìgbìmọ̀ alábòójútó Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram, tó sọ pé àṣìṣe ni, kí wọ́n dá fọ́nrán náà padà, nítorí pé ó yẹ kí ayé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́fà! Àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ti sin òkú wọn, wọ́n ti ṣe ìrántí, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó rí i ṣì wà ní àhámọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ikú, ká wá sórí fíìmù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń lo agbára òǹwòran lójoojúmọ́ láìfura.

Ìyá aránṣọ kan wà ládùúgbò wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ìdì òwú méjì gbé fóònù dúró, fíìmù Yorùbá sì ni látàárọ̀ dalẹ́ lórí YouTube. Ó ń ránṣọ, ó ń gbọ́, ìgbà tí ohùn bá le ló ń gbójú sókè. Bí inú bá bí i, á dá ẹ̀rọ dúró, á mú fóònù, á kọ èsì sábẹ́ fíìmù. Ó kà díẹ̀ nínú rẹ̀ sí mi létí lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ má pa ìyá àgbà yẹn o." "Ohùn yín ò já geere, ẹ̀rọ amúnáwá ń dún lẹ́yìn." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé gé fíìmù síbi tó dùn." Abẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ẹni tó ni ìkànnì náà ti dá a lóhùn: "Ẹ má bínú mà, apá kejì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì." Mo wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọba kí.

Ẹni tó bá mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ á mọyì rẹ̀. Ní ayé fídíò àti CD, àwọn olówó Ìdúmọ̀tà àti Alábà ló ń pinnu fíìmù tó máa jáde àti ẹni tó máa ṣeré nínú rẹ̀. Òǹwòran rà á tàbí kò rà á, ọ̀rọ̀ parí. Òṣèré alára ò rí oúnjẹ jẹ nínú rẹ̀ tó. Gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, tí àwọn olè dà fíìmù rẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1980, tí gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀. Lónìí, òṣèré lè ṣí ìkànnì tirẹ̀, kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí i lálẹ́, kí ará Ìṣẹ́yìn àti ará Houston jọ wò ó kílẹ̀ tó mọ́. Bó bá ní 1,000 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì náà, tí wọ́n sì ti wo iṣẹ́ rẹ̀ fún 4,000 wákàtí láàárín ọdún kan, YouTube á máa pín owó ìpolówó ọjà fún un. Nínú 100 náírà tó bá ti ìpolówó wọlé lórí fíìmù gígùn, 55 ni ti oníṣẹ́, 45 ni ti YouTube.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Owó tí oníṣòwò ń san láti polówó ọjà fún ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà tàbí ìlú òyìnbó pọ̀ fíìfíì ju èyí tó ń san fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà lọ. Ìyá aránṣọ wa ní àbúrò obìnrin kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n. Fíìmù kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, wọ́n á tún pe ara wọn lórí WhatsApp láti jíròrò rẹ̀. Àmọ́ ní ti owó tó ń dé ọwọ́ òṣèré, wákàtí kan ti àbúrò wúwo ju wákàtí kan ti ẹ̀gbọ́n lọ. Mi ò bá àwọn tó wà lókè òkun wí. Àwọn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe fíìmù mọ ibi tí owó ti ń wá, èyí á sì máa darí ọwọ́ rẹ̀: aago tó máa gbé e jáde, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irú ìtàn tí yóò yàn. Ẹni tó wà nílé, tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀, tó sì lè sọ fún olùdarí pé báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń kí ọba ní Ọ̀yọ́, òun gan-an ni ohùn rẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n púpọ̀.

Ó tún ku ohun tí ẹ̀rọ ń kà. Ẹ̀rọ tó ń yan fíìmù síwájú wa ò gbọ́ ìbínú. Ohun tó ń kà jù ni iye ìgbà tí a tẹ àwòrán iwájú fíìmù àti iye ìṣẹ́jú tí a fi wò ó. Ẹni tó bú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì wò ó parí nítorí àtirí ohun tó máa fi bú u, ìbò "bẹ́ẹ̀ ni" ló dì fún un. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí iye àwọn tó tẹ àmì pé àwọn ò fẹ́ràn nǹkan. Ní oṣù Bélú 2021, YouTube fi iye náà pa mọ́, wọ́n ní àwọn kan ń fi í ṣe ìkà fún oníṣẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló jẹ́ kí èmi òǹwòran mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni inú ń bí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó bi mí.

Bí ohùn òǹwòran kan bá wá dé ibi tó ń dun olówó, òfin ilé náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2023, obìnrin oníṣòwò kan l'Ékòó kọ ọ́ sí Facebook pé òun ra tòmátò inú agolo kan, ó sì dùn jù bí ẹni pé ṣúgà ni wọ́n dà sí i. Àwọn tó ń tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, àwọn kan ń gbà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan ń bú u, òun náà ń dá wọn lóhùn. Irú ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ń sọ ní ìsọ̀ aláta ní gbogbo ọjọ́ ayé ni. Kí oṣù náà tó parí, ọlọ́pàá ti mú un, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tòmátò náà tún pè é lẹ́jọ́, ₦5 bílíọ̀nù ni wọ́n ń béèrè. Òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, ti 2015, ni wọ́n nà sí i. Abala 24 nínú òfin náà ni àwọn alágbára fẹ́ràn jù láti fi pa akọ̀ròyìn àti aráàlú lẹ́nu mọ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ti ní kí Nàìjíríà tún un ṣe láti oṣù Ẹrẹ̀nà 2022, wọ́n sì tún un ṣe lóòótọ́ ní 2024, wọ́n dín ohun tó lè kó sí lábẹ́ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sun àtìmọ́lé nítorí agolo tòmátò kò lè gbàgbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn, ọ̀pọ̀ èèyàn dìde lórí ìkànnì kan náà, wọ́n dáwó fún un, wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n má ra tòmátò náà mọ́. Agbára òǹwòran ló kó o sí wàhálà, òun náà ló dìde láti gbà á sílẹ̀.

Mi ò ní sọ gbogbo ìtàn yìí kí n fi ẹ̀bi tiwa sílẹ̀. Nínú oṣù Ògún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, ìyá mi pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Ó ní kí n dìde kíákíá, kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀. Ta ló sọ ọ́? Ó ní ìyá ọlọ́ṣọ̀ọ́sì ló pe òun. Ta ló sọ fún ìyá ọlọ́ṣọ̀ọ́sì? Ọmọ rẹ̀ rí i lórí fóònù. Gbogbo àdúgbò ti jí, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń da omi. Ìròyìn padà sọ pé èèyàn méjì kú ní Jos nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Kò sí ìjọba tó fipá mú wa gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, kò sí ilé iṣẹ́ òyìnbó tó kọ ọ́. Ìfẹ́ ló gbé e rìn. Ìyá mi ò fẹ́ kí n kú. Ìdí nìyí tí irọ́ orí WhatsApp fi ń yára ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ: ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ń fi í ránṣẹ́ sí ọ. Àwọn aláṣẹ sì ń fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí gbèjà ara wọn bí wọ́n bá fẹ́ ti ìkànnì pa. Àwọn dókítà tó bọ́ sórí rédíò àti ayélujára ní àárọ̀ ọjọ́ náà láti sọ pé irọ́ ni, àwọn ló dá a dúró. Títi ìkànnì pa kọ́.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀, tó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo fóònù mọ̀, ni ti Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp. Ní oṣù Agẹmọ 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, bu $220 mílíọ̀nù lé e. Wọ́n ní ó ń kó ìsọfúnni wa láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wa, ó sì ń fọwọ́ kan mú wa tó yàtọ̀ sí bó ṣe ń mú àwọn ará ìlú mìíràn. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Igbe 2025, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí ìtanràn náà. Nínú ìwé kan tí Meta fi síwájú ilé-ẹjọ́ kan, ó sọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ní láti ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà.

Ìpayà tó bá àwọn oníṣòwò kéékèèké nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde, mo rí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi aládìrẹ, tó ti sá kúrò lórí Twitter lọ sórí Instagram, pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ilẹ̀kùn ò padà tì. Ṣùgbọ́n àjọ yìí ń gbèjà rẹ̀, òun sì ń gbàdúrà kí àjọ náà jáwọ́. Èmi ò ní kí àjọ náà jáwọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan tó ní agbára òfin béèrè lọ́wọ́ onílé pé kí lo ń fi àwọn ayálégbé rẹ ṣe.

Ẹ̀rọ gbèsì, ó dára, ṣùgbọ́n èsì ń gba owó. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà. Ìyá aránṣọ wa sọ fún mi pé òun ti dín fíìmù kù sí ẹyọ kan lójúmọ́. Mo wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí dátà rẹ̀ tán láàárín fíìmù, síbi tí ìyàwó kékeré ti ń wọlé. Ó ti kọ èsì gígùn kan sábẹ́ rẹ̀, ó ń bá olùdarí wí nípa bí ìyàwó ṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó fèsì ìkíni rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, àmì roboto kékeré ń yí, ń yí, kò lọ. Ó gbé fóònù jẹ́jẹ́ sórí aṣọ tó ń rán, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, kó má bàa nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ra dátà ₦200, ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀.